Ikú Gáà àti Ikú Ẹfúnṣetán: Ìrántí Ìlú àti Iṣẹ́ Eré Oníṣe

Kí ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tó di ohun tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa, ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó mi ìlú tìtì ni àwọn àgbà fi ń ka ọjọ́ orí. Bí a bá bi ìyá kan léèrè ọjọ́ tí ó bí àkọ́bí rẹ̀, kì í dá wa lóhùn pẹ̀lú oṣù àti ọdún. Yóò ní ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò nígbà Lúkúlúkú ni, tàbí pé òun lóyún rẹ̀ nígbà Ogun Àdùbí. Lúkúlúkú ni àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918. Ogun Àdùbí ni ìjà tí àwọn Ẹ̀gbá bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà ní ọdún 1918 kan náà. Àwọn tí ó dàgbà ní Ìbàdàn ní Wẹ́tìẹ̀ ti 1965 sí 1966, wọ́n sì ní Omíyalé ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún bo ilé àti ọ̀nà mọ́lẹ̀.

Àwọn orúkọ wọ̀nyí yẹ ní títú palẹ̀, nítorí pé àwọn fúnra wọn jẹ́ lítíréṣọ̀ kékeré. Òórùn epo bẹntiróòlù ṣì wà lára Wẹ́tìẹ̀ títí di òní: àṣẹ pé kí wọ́n da epo sí ènìyàn lára ni ó di orúkọ sáà kan. Omíyalé ní tirẹ̀ sọ omi di àlejò. Omi ni ó yà sí ilé, bí ará ọ̀nà tí ń yà kí ni. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, akéwì ni, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí ohun kan. Orúkọ a máa pa ìbẹ̀rù mọ́. Kì í pa kúlẹ̀kúlẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá òjò mìíràn tún ṣe ọṣẹ́ ńlá ní Ìbàdàn, orúkọ kan náà ni àwọn ènìyàn sì pè é. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ Omíyalé, ó yẹ kí a bi í léèrè èwo nínú méjèèjì ni ó ń sọ, nítorí pé afárá tí ó wó ní ọdún kan lè ti bọ́ sínú ìtàn ọdún kejì láì jẹ́ pé ẹni tí ń sọ ọ́ fẹ́ purọ́.

Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni láti wádìí ohun tí lítíréṣọ̀ Yorùbá máa ń ṣe sí irú ìrántí bẹ́ẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ikú méjì ni a ó gbé yẹ̀wò, àwọn tí ìwé àpilẹ̀kọ tí a mọ̀ bí ẹní mowó ti jáde lé lórí: ikú Baṣọ̀run Gáà ní Ọ̀yọ́ Ilé, tí àwọn òpìtàn fi sí ọdún 1774, àti ikú Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní Ìbàdàn ní ọdún 1874. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré ni ó wà láàárín wọn. Adébáyọ̀ Fálétí gbé eré oníṣe Baṣọ̀run Gáà jáde ní ọdún 1972; Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti gbé Ẹfúnṣetán Aníwúrà jáde ní ọdún 1970. Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò mọ̀ wọ́n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sì ti fi wọ́n múra ìdánwò kò lóǹkà. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wa wà. Ẹni tí ó bá ti ṣe àyẹ̀wò ìwé ìdánwò rí yóò jẹ́rìí sí i pé bí a bá béèrè bí Ẹfúnṣetán ti kú, ohun tí ó wà nínú eré ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ, ìbáà ṣe ìbéèrè lórí ìwé Ìṣọ̀lá, ìbáà ṣe ìbéèrè lórí ìtàn Ìbàdàn. Kì í sì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ti Gáà. Gbogbo wa ni a mọ òwe tí ó wà nídìí rẹ̀: bí o bá láyà, kí o ṣe ìkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sọ òtítọ́. Ìlú Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1836, ààfin tí Gáà ti ń dẹ́rù ba ọba di igbó, síbẹ̀ òwe náà ń bẹ ní ẹnu ẹni tí kò dé Ọ̀yọ́ rí. Kí ni òwe náà pa mọ́? Kò sọ orúkọ ọba tí ó ṣẹ́gun Gáà. Kò sọ pé Ọ̀yàbí, Kakaǹfò tí ó wà ní Ajaṣẹ́, ni ó kó ogun wá ran Aláàfin Abíọ́dún lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ sọ irú ikú tí Gáà kú. Ó kàn pàṣẹ pé kí a rántí ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí: bí a bá dúró ní ìsọ̀ kan tí a ní kí àwọn tí ń pa òwe náà sọ ikú ọ̀hún fún wa, àwọn kan yóò ní wọ́n dáná sun ún ni, àwọn mìíràn yóò ní ẹran ara rẹ̀ ni wọ́n ń gé díẹ̀díẹ̀. Ìdájọ́ ìlú ni òwe gbé dé ọ̀dọ̀ wa; ẹ̀rí tí ìlú fi dá ẹjọ́ náà ti já bọ́ lọ́nà.

Kúlẹ̀kúlẹ̀ kan ni kò já bọ́, ó sì yẹ kí a béèrè ìdí rẹ̀. Èyí ni ìtàn ọmọbìnrin Abíọ́dún tí wọ́n fi dípò ẹran agbọ̀nrín nítorí pé orúkọ rẹ̀ jọ orúkọ ẹran náà. Àgbọ̀nyín ni Fálétí pè é nínú eré tirẹ̀, ikú ọmọ náà sì ni ó fi ti Abíọ́dún dé ibi tí kò ti lè fara dà á mọ́. Ohun tí ó fi jẹ́ pé èyí kò sọnù kò ṣòro: èdè ni ó dì í mú. Níwọ̀n ìgbà tí Yorùbá bá ṣì ń pe ẹran náà ní orúkọ rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ burúkú tí ó wà nínú ikú ọmọ náà kò lè kúrò ní etí. Ọjọ́ àti ọdún kò ní irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ tí a lè fi wọ́n kọ́. Nítorí náà ni a fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé bí wọ́n bá rí eré ọ̀rọ̀ nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu, kí wọ́n má ṣe kà á sí ọ̀ṣọ́ lásán, nítorí pé òun ni ó gbé ìtàn náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣé òtítọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe kú? Ohun tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ fún ìrántí, ó yẹ kí òpìtàn fura sí i díẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ Gáà bá mọ báyìí, kò ní pọ̀ jù fún wa, nítorí pé àwọn ẹ̀rí tí ó kù kò tó ohun tí a lè fi tako ara wọn. Ti Ẹfúnṣetán ni ó le.

A ní ẹ̀rí tí kò jìnnà sí ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, wà ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọ C.M.S., ó sì máa ń kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Nínú ìwé ìtàn ńlá tí ó parí ní ọdún 1897, tí ó sì jáde ní ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Láṭòóṣà fi kan Ìyálóde: pé kò bá òun lọ sí ogun Adó, pé kò fi nǹkan ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, àti pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú nígbà tí òun ń bọ̀. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1874. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, àwọn ẹrú rẹ̀ méjì wọlé tọ̀ ọ́ láti òkè àjà, wọ́n sì pa á nínú yàrá rẹ̀. Kúmúyìlọ́, ẹni tí ó fi ṣe ọmọ, ni Johnson sọ pé ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, àti pé Ààrẹ fúnra rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn Kúmúyìlọ́.

Ẹ wá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ eré Ìṣọ̀lá. Nínú eré náà, ìwà ìkà Ẹfúnṣetán sí àwọn ẹrú rẹ̀ ni ó mú kí ìlú dìde. Òfin rẹ̀ ni pé ẹrú rẹ̀ kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Ìtáwuyì gbìyànjú láti gbẹ̀san, kò ṣe é ṣe. Láṭòóṣà àti àwọn ìjòyè kó ìlú lẹ́yìn, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n sì dójú tì í. Dípò kí ó gba ìtìjú, Ẹfúnṣetán gbé májèlé jẹ. Nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Johnson kọ sílẹ̀, kò sí ọ̀kan tí ó mẹ́nu kan ẹrú tí ó lóyún. Nínú eré, kò sí òru, kò sí àjà, kò sí Kúmúyìlọ́. Ẹni tí ìtàn fi sùn pé ó pàṣẹ ìpànìyàn ní òru ni eré sọ di olùgbèjà àwọn tí a ń ni lára.

Bọ́láńlé Awẹ́, nínú ìwé lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà tí ó ṣe olótùú rẹ̀ ní ọdún 1992, gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Òwò ni ó fi ojú sí. Ẹfúnṣetán ni ó ń ta ohun ìjà fún àwọn ológun ní àwìn. Gbèsè ń pọ̀. Ìyá náà wá dáwọ́ dúró. Bí a bá wò ó báyìí, ẹ̀sùn kejì tí Láṭòóṣà fi kàn án kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí rárá, ọ̀rọ̀ ayánilówó àti ajigbèsè ni. Orúkọ tí ìlú fún un gan-an, Aníwúrà, ọrọ̀ ni ó ń kéde. Ère rẹ̀ tí ó wà ní oríta Challenge ní Ìbàdàn pẹ̀lú, ẹni iyì ni ó ń fi í hàn. Síbẹ̀, bí a bá pe orúkọ Ẹfúnṣetán láàárín ogún ènìyàn lónìí, ìkà ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn. Eré, àti fíìmù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ni ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Báwo ni eré tí kò tí ì pé ọgọ́ta ọdún ṣe borí ẹ̀rí tí ó jù ú lọ ní ọjọ́ orí? Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ti ṣe iṣẹ́ kan tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ níbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é. Ní ọdún 1899, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Colegrove kéde pé òun bi ènìyàn 179 léèrè ibi tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti yìnbọn pa Ààrẹ Lincoln ní ọdún 1865. 127 nínú wọn sọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tí wọ́n ń ṣe, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ní ọdún 1977, Brown àti Kulik sọ pé ńṣe ni irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni pé iná kámẹ́rà bù yẹ̀rì nínú ọkàn, tí àwòrán rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Ẹnu gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ kò lórí èyí. Lẹ́yìn náà ni Neisser àti Harsch dán an wò. Ní òwúrọ̀ kejì ọjọ́ tí ọkọ̀ òfuurufú Challenger gbiná ní oṣù kìíní ọdún 1986, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 106 kọ bí wọ́n ti gbọ́ ìròyìn náà sílẹ̀. Ó lé ní ọdún méjì kí wọ́n tó tún padà bi 44 nínú wọn. Mọ́kànlá kò rí ìdáhùn kan ṣoṣo mú tí ó bá ti àkọ́kọ́ mu, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fọwọ́ sọ̀yà pé ìrántí àwọn pé. Nígbà tí wọ́n fi ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ hàn wọ́n, ìrántí àkọ́kọ́ kò padà sí ọkàn wọn. Ohun tí ó sì kàn wá jù ni èyí: àwọn tí ó ní orí tẹlifíṣàn ni àwọn ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n pọ̀ ní ìgbà kejì ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ẹnu ènìyàn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Àwòrán tí wọ́n rí lẹ́yìn náà ni ó gba ipò ohùn tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

A kò sọ pé ọkàn ènìyàn kan àti ọkàn ìlú kan náà ni. Ìlú kò ní ọpọlọ. Àwọn tí ń sọ ìtàn ni ó ní. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn láàárín ọdún méjì àbọ̀ jọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ikú Ẹfúnṣetán. Àwòrán ni ó borí. Ìpànìyàn inú òkùnkùn tí ẹnìkan kò fi ojú rí kò ṣe é fi hàn lórí ìtàgé bí ó ti yẹ. Obìnrin tí ó dúró ní ojú gbogbo ènìyàn tí ó ń gbé májèlé jẹ, tí ìgbéraga rẹ̀ kò tí ì tán, ẹni tí ó bá rí i kò ní gbàgbé. Ìṣọ̀lá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá wo eré náà bí eré, ìparí tí ó yàn dára ju ti ìtàn lọ: ó jẹ́ kí Ẹfúnṣetán fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí ayé ara rẹ̀, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ fún un ní ọlá kan tí àwọn tí ó pa á ní 1874 fi dù ú. Àwọn lámèyítọ́ tí ń sọ pé Ìṣọ̀lá ba Ìyálóde jẹ́ kì í sábà rí apá yìí.

Nítorí náà, a kò bá àwọn tí ó ní òǹkọ̀wé náà parọ́ mọ́ òkú lọ. Eré oníṣe kì í ṣe ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Bákan náà ni a kò gbà pẹ̀lú àwọn olùkọ́ tí ó ní kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, pé ọmọ tí ó bá ti ka eré ti mọ ìtàn. Aburú wà níbẹ̀. Ẹ̀sùn ìpànìyàn wà nínú ìtàn náà, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn náà kàn jẹ́ olórí ìlú, obìnrin tí wọ́n pa sì jẹ́ ẹni tí ó lè jẹ́ pé àwọn tí ó dá a lẹ́jọ́ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bí àwọn ọmọ wa bá wá gbà láìjanpata pé òun ni ó pa ara rẹ̀, ẹjọ́ náà ti parí sí ọwọ́ Láṭòóṣà, ẹni tí ó ti kú láti ọdún 1885.

Kò yẹ kí a sọ Johnson pẹ̀lú di ìwé mímọ́. Òru ni ìpànìyàn náà wáyé. Kò sí nínú yàrá. Iṣẹ́ ìjọ ni ó ń ṣe, àwọn ológun Ìbàdàn kì í sì í ṣe ẹni tí ó ń yìn nígbà gbogbo. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ó wà láàárín ikú Ìyálóde àti ìparí ìwé rẹ̀, ìwé àfọwọ́kọ àkọ́kọ́ sì sọnù lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, tí ó fi jẹ́ pé àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù. Ohun tí ó fi ṣe é gbára lé ju ìyókù lọ ni pé ó jọ pé àkọsílẹ̀ ìgbà náà wà nídìí àwọn ọjọ́ tí ó dárúkọ. Ẹni tí ó bá gbára lé ọpọlọ nìkan kì í rántí ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún lẹ́yìn ogún ọdún. Ní ti ìdí tí wọ́n fi pa á, èrò Johnson ni èyí, ó sì yẹ kí a kà á bí èrò.

Ní ọdún 2024, fíìmù House of Ga'a gbé ìtàn Gáà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ka ìwé Fálétí rí. Kò ní pẹ́ kí ojú òṣèré tí ó ṣe Gáà nínú rẹ̀ tó di ojú Gáà fúnra rẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Fálétí kú ní ọdún 2017, Ìṣọ̀lá ní 2018. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sí níbí mọ́ láti sọ ibi tí ìtàn parí sí àti ibi tí ọgbọ́n inú tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwa olùkọ́ ni iṣẹ́ náà kù sí lọ́wọ́.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà ṣe é nínú kíláàsì, kò sì ná ni lówó. Kí olùkọ́ tó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹfúnṣetán Aníwúrà láti kà, kí ó ní kí olúkúlùkù kọ ohun tí ó mọ̀ nípa ikú Ìyálóde sí abala ìwé kan, kí ó sì kọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ sí ìsàlẹ̀: bàbá, fíìmù, ìjókòó abẹ́ igi. Kí ó gba àwọn ìwé náà, kí ó tì wọ́n mọ́ inú àpótí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka eré náà tán, tí wọ́n sì ti ka ojú ewé tí Johnson kọ, kí ó jẹ́ kí sáà kan kọjá. Lẹ́yìn náà ni kí ó tún ní kí wọ́n kọ ọ́, láì wo ìwé kankan, kí ó wá pín ti àkọ́kọ́ padà fún wọn, kí wọ́n gbé méjèèjì ka iwájú. Kí wọ́n fi ìlà pupa sí abẹ́ ohun gbogbo tí ó ti inú eré bọ́ sínú ìtàn. Ìlà pupa wọ̀nyẹn ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ wọn.